Ẹ fi páìpù sílẹ̀ kí birikilà tó dé: bí a ṣe ń fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì sínú ilé l'Àbújá

Ìgbà tí wọ́n sábà máa ń pè mí ni ìgbà tí ilé ti parí. Ọ̀dà ti gbẹ lára ògiri, POP ti bo òkè, kọ́tìnnì ti wà lójú fèrèsé, onílé yóò wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo Wi-Fi yìí, kò dé yàrá àwọn ọmọ." Kí n tó sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní Kubwa ni mo ti mọ ohun tí n óò bá níbẹ̀. Ráútà yóò wà ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, yàrá àwọn ọmọ yóò wà lẹ́yìn pátápátá, ògiri búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì 9 bíi mẹ́ta àti balùwẹ̀ tí wọ́n fi táìsì bò yóò sì dí ojú ọ̀nà. Wọ́n á ti ra ráútà tó ní ériàlì mẹ́fà kí wọ́n tó pè mí. Bí ériàlì bá di ogún, kò ní kí búlọ́ọ̀kù má jẹ́ búlọ́ọ̀kù.

Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù níbí, ì báà jẹ́ ní Gwarinpa, Lugbe, Karu, tàbí Mararaba tó ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ẹ wá owó páìpù kí ẹ tó wá owó wáyà. Wáyà tó bá bàjẹ́ tàbí tó di ti àtijọ́, a óò fà á jáde, a óò fi tuntun rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Páìpù tí kò bá sí nínú ògiri kí birikilà tó rẹ́ ilé, àfi ká tún fọ́ ògiri.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mú ṣọ́ọ̀kì lọ sí sáìtì

Ìgbà tí búlọ́ọ̀kù ti dúró, tí wọn ò tíì rẹ́ ilé, ni kí ẹ lọ. Ẹ pe oníná yín dání, ìyẹn ẹni tó ń ṣe iná ilé náà, torí ògiri kan náà ni ẹ jọ fẹ́ gbẹ́. Bí ẹ kò bá jọ sọ ọ́, ọ̀la ni yóò gbẹ́ ibi tí ẹ fi àmì sí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò yàn ni ibi tí gbogbo wáyà yóò ti pàdé. Oríta ni mo máa ń pè é (a kò ní gbé ẹbọ síbẹ̀). Ráútà, súwíìṣì (àpótí oníhò tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì sí gbogbo wáyà) àti bátìrì kékeré tí yóò máa gbé wọn nígbà tí iná bá lọ, ibẹ̀ ni gbogbo wọn yóò wà. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dára jù lójú mi: àárín ilé ni, omi kò dé ibẹ̀, ẹ sì lè fi ilẹ̀kùn tó ní ihò atẹ́gùn sí i. Ẹ má gbé e sí ilé ìdáná nítorí epo àti ooru. Ẹ má gbé e sórí àjà lábẹ́ páànù. Ẹni tó bá ti gorí àjà l'Àbújá ní ọ̀sán oṣù kẹta mọ ìdí rẹ̀: èèyàn fúnra rẹ̀ kò lè dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ráútà wá ń gbébẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí inverter yín bá ń lo bátìrì olómi, ẹ jẹ́ kí oríta jìnnà sí i, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ irin ẹnu wáyà.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa lọ láti yàrá dé yàrá, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya àpótí kékeré síbi tí wáyà yóò ti jáde. Ní ilé oníyàrá mẹ́ta, báyìí ni mo ṣe máa ń kà á: méjì lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, méjì ní yàrá kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà nìyẹn, ọ̀kan lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí a óò so Wi-Fi mọ́, mẹ́rin sí igun ilé níta fún kámẹ́rà, ọ̀kan sórí òrùlé. Mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni a fẹ́ fi méjì ṣe nínú yàrá kan. Ọ̀kan lè kú. Àwọn ọmọ lè gbé tábìlì lọ sí ògiri kejì. Ẹ fi àpótí méjèèjì sí ògiri tó kọjú síra wọn, ẹ ò ní kábàámọ̀.

Páìpù tó lọ sórí òrùlé ni àwọn èèyàn máa ń fẹ́ yọ kúrò láti fi dín owó kù. Ẹ má gbà. Ní 2021, kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ní 2022, 5G dé Nàìjíríà, ráútà 5G sì ń fẹ́ ibi gíga tó kọjú sí òpó. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ara sátẹ́láìtì wá, wọlé, àwo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run gbangba. N kò mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n orí òrùlé náà ni mo rò pé yóò gbà wọlé. Kí páìpù yìí tó 32 mm, torí ẹnu wáyà Starlink tóbi ju ẹnu wáyà lásán lọ, ẹ kò sì ní fẹ́ gé e.

Ìgbésẹ̀ kejì: páìpù

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Páìpù 20 mm ni oníná máa ń lò fún iná, yóò sì fẹ́ fi èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà Cat6, ìyẹn irú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí a óò fà, nípọn tó bíi 6 mm. Inú páìpù 20 mm, méjì ni mo máa ń kì sí i. 25 mm yóò gba mẹ́rin láìhá. Bí ẹ bá kún páìpù dẹ́nu lónìí, kò ní sí àyè láti fa nǹkan kan kọjá lọ́la, bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀la la ṣe fi páìpù síbẹ̀.

Ẹ má lo ẹ́líbò tó ṣẹ́ ní igun gan-an. Bẹ́ǹdì gígùn tó rọra yí ni kí ẹ lò, kó má sì ju méjì lọ láàárín àpótí kan sí èkejì. Tó bá di mẹ́ta, ẹ fi àpótí kan sí àárín ọ̀nà. Àpótí 3x3 tó jìn ni kí ẹ rà, torí Cat6 kò fẹ́ kí a ká òun ju ìwọ̀n ìlọ́po mẹ́rin ìnípọn rẹ̀ lọ, nǹkan bíi 24 mm nìyẹn. Àpótí pẹlẹbẹ yóò ṣẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìsàlẹ̀ sókè ni kí wọ́n máa gbẹ́ ògiri. Búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú, bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ ní ìbú láti òpin yàrá dé òpin, ògiri náà ti di aláìlágbára. Àwọn ọmọ Hausa tó sábà ń bá wa gbẹ́ ẹ níbí mọṣẹ́ gan-an, ọwọ́ wọn ló yá jù. Ẹ kọ́ "a hankali" kí ẹ máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé kí wọ́n rọra.

Páìpù íntánẹ́ẹ̀tì àti páìpù iná kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fara kanra. Bí wọ́n bá jọ ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ fi bíi 30 cm sáàárín. Bí wọ́n bá ní láti kọjá lára wọn, kí wọ́n dábùú ara wọn bí àgbélébùú. Ariwo tí wáyà iná máa ń dá sára wáyà kejì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni pé ọjọ́ tí ike wáyà iná bá bó nínú páìpù kan náà, 230 volt yóò gba inú kọ̀ǹpútà ọmọ yín jáde. Oníná kan sọ fún mi pé òun ti ń kó wọn pọ̀ tipẹ́, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo ní kó lọ máa ṣe é nílé tirẹ̀.

Kí wọ́n tó da kọnkéré dẹ́kìn, ẹ dí ẹnu gbogbo páìpù. Ilé alájà méjì kan ní Gwarinpa ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Mo to páìpù mẹ́jọ sórí irin dẹ́kìn, mo so wọ́n dáadáa, mo lọ jẹun. Kí n tó dé, wọ́n ti da kọnkéré. Mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni sìmẹ́ǹtì wọ̀ tó sì gan mọ́ inú, owó ara mi ni mo fi wá ọ̀nà mìíràn gba ẹ̀yìn ilé. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi náílọ́ọ̀nù àti téèpù dí ẹnu wọn, n kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi dà á tán. Ẹ fi okùn ráyọ̀n sílẹ̀ nínú páìpù kọ̀ọ̀kan kí ẹ so ìdí rẹ̀. Òun ni yóò fa wáyà.

Kí birikilà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ilé, ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ògiri, kí ẹ na téèpù ìwọ̀n sára rẹ̀ nínú àwòrán náà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kan ìṣó láti fi gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́, ẹ óò rántí mi.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wáyà tó jẹ́ bàbà dénú

Cat6 ni mo máa ń rà. Cat5e tó ṣáájú rẹ̀ náà ń gbé gígábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan dé 100 m, ó sì tó ọ̀pọ̀ ilé. Cat6 lè gbé gígábíìtì mẹ́wàá fún bíi 55 m, kò sì sí yàrá tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí oríta nínú ilé wa. Owó tó fi ju ara wọn lọ kò tó kí èèyàn máa rò ó.

Ayédèrú ni wàhálà tó wà lọ́jà, èyí tí wọ́n ń pè ní CCA. Àlùmíníọ́ọ̀mù ni inú rẹ̀, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ra á lára. Ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ rí. Páálí tí mo rà, "pure copper" ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Mo fi so kámẹ́rà mẹ́rin nílé kan ní Lugbe, ó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án bí ẹyẹ. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, méjì tó jìnnà jù yóò kú, yóò tún jí, yóò tún kú. Onílé ní ṣé àwọn tó ń rìn lóru ló ń pa á ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a kí n tó mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà ń gba iná rẹ̀ láti inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì náà, ìyẹn PoE. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iná tó fi ń ríran lókùnkùn yóò tàn, yóò fẹ́ iná sí i. Iná kì í rọrùn láti gba inú àlùmíníọ́ọ̀mù kọjá bíi ti bàbà, èyí tó ń dé òpin wáyà kò sì tó o mọ́. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un fà. Páìpù ló gbà mí.

Báyìí ni ẹ óò ṣe mọ̀ ọ́n lójú ọjà, ì báà jẹ́ ní Banex ní Wuse 2 tàbí níbikíbi. Ẹ ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún yín, ẹ bó ọ̀kan nínú wáyà mẹ́jọ inú rẹ̀, kí ẹ fi abẹ họ ọ́. Bó bá pọ́n dénú, bàbà ni. Bó bá funfun bí fàdákà lẹ́yìn tí ẹ họ ọ́, ẹ dá a padà. Ẹ tún ṣẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn: ti àlùmíníọ́ọ̀mù tètè ń kán. Ẹ sì gbé páálí náà wò, torí páálí bàbà wúwo dáadáa. Ẹni tó bá kọ̀ kí ẹ gé díẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Páálí kan jẹ́ 305 m. Wáyà mẹ́rìnlá tí a kà lẹ́ẹ̀kan, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gùn tó 18 m ní ìpíndọ́gba, 252 m ni. Ẹ fi díẹ̀ lé e fún èyí tí ẹ óò gé dànù, páálí kan tó. Páìpù àti àpótí, Dei-Dei ni kí ẹ lọ. Wáyà tí yóò wà níta nínú oòrùn, ẹ ra dúdú tí wọ́n ṣe fún ìta. Oòrùn ibí máa ń sọ ike wáyà inú ilé di ẹfun láàárín ọdún díẹ̀, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án yóò máa rún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fífà

Ẹ fà á lẹ́yìn tí ògiri tí wọ́n rẹ́ ti gbẹ, kí POP tó dí òkè. Èèyàn méjì ni, ọ̀kan ń fà, èkejì ń tì í wọlé lọ́nà kejì. Kí wáyà tó wọ páìpù, ẹ kọ nọ́ńbà sí orí rẹ̀ méjèèjì, torí lẹ́yìn náà, mẹ́rìnlá ni wọn, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Bó bá há, ẹ má fi agbára fà á. Bí ẹ bá fà á ju bí ẹni ń gbé ẹrù 11 kg lọ, àwọn wáyà wẹ́wẹ́ tó lọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ yóò tú, wáyà náà yóò sì máa ṣòjòjò títí láé. Páúdà ọmọdé ni mo máa ń fi yọ̀ ọ́. Ẹ fi 30 cm sílẹ̀ nínú àpótí, mítà kan àbọ̀ ní oríta. Ẹ má so wáyà méjì pọ̀ nínú ògiri láé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹnu wáyà

Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, méjìméjì ni wọ́n lọ́ pọ̀. Lílọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ariwo wọ̀ ọ́, nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má tú u ju 13 mm lọ. Ètò tí a ń pè ní T568B ni gbogbo wa ń lò níbí. Láti 1 dé 8:

funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn.

Ẹ wo ewé: òun àti funfun rẹ̀ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, búlúù méjèèjì ló wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti máa ń ṣìnà. Wọn yóò to àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ẹnìkejì rẹ̀ bó ṣe wà lójú, wọn yóò ṣe é bákan náà ní òpin kejì, tẹ́sítà olówó pọ́ọ́kú yóò sì tan iná 1 dé 8 láìyẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì yóò máa fà bí ìgbín, torí ẹni tó yẹ kó lọ́ mọ́ra kò sí lọ́dọ̀ ara wọn. Tẹ́sítà tó ń tan iná lásán kò mọ èyí. Ojú yín ni yóò rí i.

Nínú yàrá, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ara ògiri, kí ẹ ra wáyà kékeré tó ti ní ẹnu fún kọ̀ǹpútà. Ibi kámẹ́rà àti Wi-Fi nìkan ni mo máa ń tẹ RJ45 (ẹnu ike kékeré tó ń wọ ihò ẹ̀rọ) mọ́ wáyà ògiri fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́sítà, ẹ fi kọ̀ǹpútà alágbèéká dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ wo ìyára tó kọ: ó yẹ kó jẹ́ 1000 Mbps, ìyẹn gígábíìtì kan. Bó bá jẹ́ 100, wáyà 4, 5, 7 tàbí 8 ni ọ̀kan ti yẹ̀, torí 100 kò nílò ju 1, 2, 3 àti 6 lọ. Ẹ tún ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ráútà, súwíìṣì àti Wi-Fi

Kò pọ̀. Súwíìṣì gígábíìtì oníhò 16, ráútà kan, àti ohun tó ń tan Wi-Fi lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀. (Tí ẹ bá sọ "súwíìṣì" fún oníná, yóò gbé ti gílóòbù wá. Ẹ ṣàlàyé.) Bí ẹ bá fẹ́ lo ráútà àtijọ́ yín bíi Wi-Fi kejì, ẹ pa DHCP rẹ̀ (òun ló ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé), kí ẹ sì ki wáyà sí ihò LAN, ẹ má ki í sí WAN tó wà fún íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ìta wọlé, torí bí méjì bá jọ ń pín àdírẹ́ẹ̀sì nínú ilé kan, ìjà ni yóò máa dá. Bí Wi-Fi tó wà nínú ilé bá ju ọ̀kan lọ lórí 2.4 GHz, ẹ fi wọ́n sí ikanni 1, 6 tàbí 11, kí wọ́n má jọ wà lórí ẹyọ kan.

Iná, àrá àti ọyẹ́

Ọ̀pọ̀ ráútà ń lo 12 volt. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ ra mini-UPS, bátìrì kékeré tí mo ní ẹ fi sí oríta, tó bá a mu. Yóò gbé e fún wákàtí mélòó kan láìjẹ́ pé ẹ tan ẹ̀rọ amúnáwá.

Àrá ni mo bẹ̀rù jù. Òjò àkọ́rọ̀ l'Àbújá kì í wá láìní mọ̀nàmọ́ná. Wáyà tó jáde kúrò nínú ilé lọ sí géètì tàbí bọ́ìsì kọ́tà dà bí ọwọ́ tí ẹ nà sí i. Ẹ̀rọ ìdáàbòbò wà tí a ń fi sí òpin wáyà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá ní áàtì gidi tó wọlẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Láàárín ilé méjì, fáíbà ni mo máa ń fà: gíláàsì ni, iná kò lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Tí ọyẹ́ bá dé, eruku yóò wọ ibi tí ẹ kò rò. Ẹ fi ìdérí kékeré dí ihò súwíìṣì tí ẹ kò lò, kí ẹ sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá oríta lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹnu páìpù tó wà lórí àjà, ẹ fi sọ́ọ̀sọ́ onírin tí a fi ń fọ ìkòkò dí i. Eku kì í fẹ́ fi eyín kàn án.

Bó bá jẹ́ pé ẹ háyà ilé

Ẹ má gbẹ́ ògiri onílé. Tránkìn, ike funfun oníhò tí a ń tò sára ògiri, tí wọ́n ń tà lọ́pàá lọ́pàá, ni kí ẹ tò sí ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀ tàbí lókè ẹnu ọ̀nà. Wáyà méjì péré tó: ọ̀kan láti ráútà dé yàrá tó jìnnà jù, kí ẹ so Wi-Fi kejì mọ́ ọn, èkejì dé tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ra èyí tí a fi ìṣó kékeré kàn, torí ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin máa ń tú gọ́ọ̀mù èyí tó ń lẹ̀ ká, tránkìn yóò sì já lulẹ̀ lóru bí ẹni pé olè wọlé. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, ẹ tú u, kí ẹ fi ọ̀dà dí ojú ìṣó, kí ẹ sì ká wáyà yín dání.